"Ṣé irọ́ ni wọ́n ní mò ń pa ni?" Ìdáhùn fún ìyá tí ìbàdí ti ń ro fún oṣù mẹ́jọ

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí mi. Ẹni ọdún 48 ni wọ́n. Mo gé lẹ́tà wọn kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tí ìbàdí ti ń ro mí. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ gbé àpò gàrí ni nǹkan ṣe pàù lẹ́yìn mi. Mo ti lo oògùn, mo mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n wọ́ ẹ̀yìn fún mi, mo ra bẹ́líìtì. Wọ́n ṣe MRI fún mi (ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara), wọ́n ní dísìkì kan (tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn) ti wú síta láàárín L4 àti L5, ìyẹn eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún. Látìgbà náà, n kò gbálẹ̀ mọ́, n kò pọn ọmọ ọmọ mi, n kò sì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi mọ́. Wọ́n ti ń sọ kiri pé owó ti sọ mí di agbéraga. Ọkọ mi kì í jẹ́ kí n gbé ife omi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Wòlíì kan ní aráyé ló ta ọfà sí mi lẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe fisiotẹ́rápì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mò ń sùn, bóyá ẹ̀rù ń bà mí, báwo ni ọjà, báwo ni nǹkan ṣe rí nílé. Mo bínú jáde. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, orí mi kò dàrú. Ṣé irọ́ ni wọ́n ní mò ń pa ni? Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé kí n ra fóòmù líle?"

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ibi tó ń dùn yín jù nínú lẹ́tà yìí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìbínú yẹn. Rárá o, kò sẹ́ni tó ní irọ́ lẹ̀ ń pa. Ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́bìnrin yẹn béèrè ló béèrè. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kò kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ èmi ni mo gun Márúwá gba inú gálọ́ọ̀pù wá, tí mo di ìbàdí mú wọlé, tẹ́nì kan wá ń bi mí pé báwo ni ilé, ó ṣeé ṣe kí èmi náà bínú jáde.

Kí n tó lọ jìnnà, àwọn àmì kan wà tí kò gba ìjíròrò kankan. Tí ibi tẹ́ ẹ fi ń jókòó tàbí ojú ara bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tí ìtọ̀ há tàbí tó ń dà láìmọ̀, tí ìgbẹ́ ń jáde fúnra rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ sí i, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá yín nílé. Ibà tí kò lọ, ara tó ń rù láìnídìí, jẹjẹrẹ tí wọ́n ti tọ́jú rí, ikọ́ TB (ó máa ń wọ eegun ẹ̀yìn nílẹ̀ wa níbí), tàbí ìṣubú láti òkè, ìwọ̀nyí náà ń fẹ́ dókítà kíákíá. N kò rí ọ̀kankan nínú wọn nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, ohun tẹ́ ẹ sì dà kọ láti inú ìwé MRI kò sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ìwé MRI yẹn, ó jọ lójú mi pé ó ṣe yín ní jàǹbá ju àpò gàrí lọ. Ẹ wo lẹ́tà yín dáadáa. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀yìn ṣe pàù lẹ jáwọ́ nínú ilẹ̀ gbígbá àti ọmọ pípọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n ka ìwé náà sí yín létí ni. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣe MRI fún èèyàn 98 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní dísìkì tó wú síta níbì kan, ó kéré tán. Àwọn tí gbogbo dísìkì wọn dán mọ́nrán kò ju ìdá 36 lọ. Nígbà tó di 2015, àwọn mìíràn kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, ti èèyàn tó lé ní 3,000 tí wọn kò ní ìrora kankan. Nínú àwọn tó tó ẹni 50 ọdún, bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní dísìkì tó wú. Tẹ́ ẹ bá to gbogbo àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà yín, tẹ́ ẹ ṣe MRI fún wọn, tí ẹ sì fi bébà bo orúkọ wọn, kò sí dókítà kan láyé yìí tó lè fi fọ́tò nìkan mọ èyí tí ẹ̀yìn ń dùn. Ewú ló hù sí dísìkì yín. Kò sẹ́ni tó ń gbé èèyàn lọ ọsibítù torí ewú.

Kí ló wá ń ro yín, bí kì í bá ṣe dísìkì? Mo gbà pé nǹkan fà ya díẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣan kan tàbí ìsopọ̀ eegun. Ó ti ní oṣù mẹ́jọ láti jinná, irú rẹ̀ kì í sì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni mẹ́gáàdì.

Ẹ fojú inú wo mẹ́gáàdì kan tí àwọn olè ká mọ́ lóru ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, tí ewúrẹ́ bá fara ha géètì, á fọn fèrè. Tí atẹ́gùn bá mi páànù, á fọn fèrè. Fèrè yẹn kì í ṣe irọ́ o, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó lè sùn. Àmọ́ olè kò sí níta mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé ògiri ọgbà ti wó lápá ẹ̀yìn, pé aráyé ń ṣọ́ ilé yìí, tẹ́ ò tún jẹ́ kó fojú kan oorun, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó gbé fèrè sílẹ̀? Ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ara lọ síbẹ̀ ni mẹ́gáàdì yín. Ìrora ni fèrè. Ohun tẹ́ ẹ gbàgbọ́ nípa ẹ̀yìn yín, oorun yín, owó ọjà, ìyá ọkọ, gbogbo rẹ̀ ni mẹ́gáàdì ń gbọ́ kó tó pinnu bóyá kó fọn ún tàbí kó dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yẹn fi ń béèrè.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fáwọn tí kò gbà mí gbọ́. Ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BMJ ló gbé e jáde ní 1995. Kọ́lékọ́lé kan, ẹni ọdún 29, fò sọ̀kalẹ̀ sórí ìṣó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ìṣó náà gba abẹ́ bàtà rẹ̀ yọ lókè. Ọkùnrin náà ń ké, wọn kò lè fọwọ́ kan ìṣó náà, abẹ́rẹ́ apàrora tó le gan-an ni wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà náà, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni ìṣó gbà kọjá. Kò ha á lára rárá. Ẹ sọ fún mi, ṣé irọ́ ni ọkùnrin yẹn ń pa nígbà tó ń ké?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe àṣà àwọn ọmọ àná. Láti 1977 ni George Engel, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti sọ pé ara, ọkàn àti àwùjọ èèyàn ló jọ ń pinnu àìsàn àti ìwòsàn. Nígbà tó sì di 1987, Gordon Waddell, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Glasgow, mú ọ̀rọ̀ náà wá sórí ẹ̀yìn dídùn. Ẹ kíyè sí i pé oníṣẹ́ abẹ ni, ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń sọ pé ọ̀bẹ kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìbẹ̀rù ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí òun ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín bẹ́ ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ méjì, Johan Vlaeyen àti Steven Linton, kó ìwádìí jọ lórí ọ̀nà tí èyí máa ń gbà ṣẹlẹ̀. Ìrora dé, èèyàn rò pé ẹ̀yìn òun ti fọ́, ẹ̀rù bà á, ó yẹra fún gbogbo ohun tó lè mú un bẹ̀rẹ̀. Ara tí a kò lò a máa le, iṣan rẹ̀ a sì rọ. Ọjọ́ tó bá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan, ó dùn ún lóòótọ́, ó sì sọ pé, "Ẹ ò rí i, mo ti sọ fún yín." Ìbẹ̀rù wá fìdí múlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin, gbogbo iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ní ro yín.

Ẹ̀bi àwa oníṣẹ́ ìlera pọ̀ nínú èyí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sọ fún káfíńtà kan pé kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́ láéláé. Ọkùnrin náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó ta gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo tún fojú kàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ti di ẹni tó ń tọrọ owó oúnjẹ lọ́wọ́ àbúrò. Mi ò lè gbàgbé. Ní Finland, wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Helsinki tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá ẹ̀yìn, àwọn kan ń bá ìgbòkègbodò wọn lọ níwọ̀n bí ara wọn bá ṣe gbà á. Àwọn tó ń bá ìgbòkègbodò lọ ló yá jù. Wọ́n gbé e jáde ní 1995, síbẹ̀ ẹ ṣì ń gbọ́ "ẹ lọ sinmi" lẹ́nu dókítà títí dòní.

Ọkọ yín ńkọ́? Èèyàn rere ni wọ́n, mo lè rí i látinú lẹ́tà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń gba ife omi lọ́wọ́ yín. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbà á, mẹ́gáàdì ń gbọ́ pé "obìnrin yìí ti bà jẹ́, kò lè gbé ife." Àwọn kan dán èyí wò ní Jámánì, wọ́n gbé e jáde ní 2002. Wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta àwọn aláìsàn lẹ́yìn, wọ́n sì ń wo iṣẹ́ ọpọlọ wọn. Àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn máa ń kẹ́ wọn jù lórí ìrora, tí onítọ̀hún bá ti wà nínú yàrá, ọpọlọ wọn a fèsì sí ìrora náà ju ìgbà tí kò sí níbẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún wọn nìyí: "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ má gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ bá mi rìn lọ sí ìkóríta ká sì jọ padà." Ìkẹ́ náà nìyẹn, ó kàn gba ojú ọ̀nà mìíràn ni.

Ìyá ọkọ lọ́tọ̀. N kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yìí rárá. Àwọn òyìnbó tó kọ ìwé nípa ẹ̀yìn kò mọ̀ pé obìnrin kan lè pàdánù iyì rẹ̀ lójú ẹbí torí eékún tí kò kan ilẹ̀. Ẹ̀yin sì ń ru ìyẹn kún ìrora. Ẹ lọ bá màmá, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ṣàlàyé pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, àti pé ìkúnlẹ̀ kí wọn gan-an wà lára ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà padà. Ẹ ó rí i pé ẹnu wọn á yí padà, wọ́n tilẹ̀ lè máa bá yín ka iye ìgbà tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀.

Ní ti ọjà, ìwádìí kan wà ní ìpínlẹ̀ Washington lórí òṣìṣẹ́ 3,020 tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, tó jáde ní 1991. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ nínú ló fẹjọ́ ẹ̀yìn sùn jù. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń gbowó oṣù, wọ́n ní ìsinmi àìsàn. Ẹ̀yin kò ní. Tẹ́ ò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, kóńgò kò ní wọn ara rẹ̀. Nítorí náà, tiyín kì í ṣe pé iṣẹ́ kò dùn mọ́ yín. Tiyín ni owó àjọ tó ń bọ̀ lópin oṣù, oníbàárà tó ti yà sí ìsọ̀ ẹlòmíì, àti ọmọbìnrin tó yẹ kó ti padà sí iṣẹ́ tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn sùn, ẹ kò lè sùn, ẹni tí kò bá sì sùn, ìrora kékeré á di ńlá lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ padà sọ́jà. Kì í ṣe ìgbà tí ara bá yá tán. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni, wákàtí méjì lóòjọ́, kí ọmọ ṣì máa gbé àpò.

Wòlíì àti jẹ̀díjẹ̀dí: n kì í bá ṣọ́ọ̀ṣì jà, ẹ máa gbàdúrà yín. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ ọfà yẹn ṣe. Ó gba ìwòsàn kúrò lọ́wọ́ yín, ó gbé e fún ọ̀tá tẹ́ ò mọ̀, ó sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa wo ojú gbogbo aládùúgbò. Mẹ́gáàdì kò ní sùn nílé bẹ́ẹ̀. Ti àgbo, ṣúgà kọ́ ló mú ẹ̀yìn yín, ẹ má sì máa da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn apàrora bíi diclofenac, ẹ ṣàánú inú àti kíndìnrín yín. Bẹ́líìtì náà, ẹ tú u. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ìlànà jáde ní ìparí 2023 lórí ẹ̀yìn tó ti pẹ́, wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì, wọn kò sì fọwọ́ sí àwọn oògùn apàrora líle bíi tramadol. Lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni ìlànilọ́yẹ̀, eré ìdárayá, àti ìtọ́jú tó ń bá ọkàn àti èrò ṣiṣẹ́.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé ìbéèrè kékeré kan ló ń tẹ̀ lé. Yunifásítì Keele ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀kan tó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, wọ́n sì dán an wò lára èèyàn 851. Ní 2011, èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi ìbéèrè náà pín sí ìsọ̀rí, kí wọ́n tó yan ìtọ́jú fún wọn, sàn ju àwọn tí wọ́n kàn ń tọ́jú bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ náà ti tú ìwé ìbéèrè mìíràn sí Yorùbá, èyí tó ní gbólóhùn 24 lórí ohun tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kéèyàn ṣe mọ́. Ẹ ní kó fún yín kẹ́ ẹ kà á lédè yín.

Báyìí ni n ó ṣe ṣe é tó bá jẹ́ èmi ni mò ń tọ́jú yín. A ó mú nǹkan mẹ́ta péré: ìkúnlẹ̀, ìgbálẹ̀, kóńgò. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀. Ẹ máa fi aago wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìrora wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí ara bá dá ṣáṣá, ẹ má sọ ọ́ di wákàtí kan, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Lọ́jọ́ tó bá ń ro, ẹ rìn ín náà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ ó fi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kún un. Fún ìkúnlẹ̀, ẹ tẹ́ ìrọ̀rí méjì sílẹ̀, ẹ di àga mú, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dìde, lẹ́ẹ̀marùn-ún, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ yọ ìrọ̀rí kan. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi àga sílẹ̀. Ìgbálẹ̀ náà, ẹ fi ọwọ̀ tó ní ọ̀pá gígùn gbá yàrá kan, kẹ́ ẹ tó mú ọwọ̀ kúkúrú wa. Ọpọ́n gàrí, ẹ gbé e lé orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa wọn kóńgò lórí ìnàró, kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sínú bébà, "ẹ̀yìn mi á já." Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ ka bébà náà.

Yóò ro yín o. N kò ní tàn yín. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ó lè tilẹ̀ ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí oko lẹ́yìn òjò gígùn. Ara tó ti sùn ló ń jí. Lọ́jọ́ kan, bóyá lóṣù kẹta, ó tún lè ṣàdédé mú yín gírígírí. Ẹ má sáré lọ ṣe MRI mìíràn. Ẹ padà sí ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ohun kan kù tẹ́ ò kọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ béèrè. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí oúnjẹ kò wù yín, tẹ́ ẹ ń jí láago mẹ́ta òru ṣe àròkàn, tàbí tó ń ṣe yín bíi pé ikú sàn ju èyí lọ, ẹ sọ fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí kan náà. Ìrora tó pẹ́ máa ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì náà sì ń fa ìrora. Oògùn wà fún un, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ náà wà. Kì í ṣe wèrè.

Ní ti fóòmù: ní 2003, wọ́n dán èyí wò ní Spain lára èèyàn 313 tí ìbàdí wọn ti ń ro tipẹ́. Fóòmù tí kò le jù, tí kò sì rọ̀ jù, ló dára fún wọn ju èyí tó le koránkorán lọ. Tí tiyín kò bá tíì jìn kòtò láàárín, ẹ má ra òmíràn. Ẹ fi owó yẹn ra àpò ẹ̀wà méjì sí ìsọ̀, kí ọmọ bá yín gbé wọn wọlé.